Káńtà Ìkòròdú, láti Èkó lọ sí Ògijo àti Ṣágámù: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀

Owó ilé ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò ní Kétu, Ọjọ́ta, Ṣómólú àti Bàrígà wá sí Ìkòròdú, owó ilé yìí náà ló tún ń tì wọ́n kọjá Odògúnyàn wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibẹ̀ ò jìnnà. Béèyàn bá ti kọjá Odògúnyàn, Ògijo ló kàn, tó jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù ló wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mosimi, kó tó wá kan Ṣágámù fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́káńtà tó ń dúró sí ìdí pákó àti iwájú ilé simẹ́ńtì káàkiri Ìkòròdú ló ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ilé yìí kó ẹrù, iṣẹ́ wọn la sì fẹ́ yẹ̀ wò.

Fún ilé yàrá kan títí dé yàrá méjì àti pálọ̀, a ò tíì rí èyí tó tó káńtà ìdíkọ̀ fún iye tí wọ́n ń gbà. Wọ́n mọ ọ̀nà, ọwọ́ wọn yá, wọ́n sì mọ okùn dì. Àdéhùn ni wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí ká kúkú sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju oníbàárà lọ. Ààlà Èkó àti Ògùn tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ibi tí títì ọ̀dà ti parí, tí ilé sì ṣì kù níwájú, ni ariwo ti máa ń bẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tó gba ẹrù yín. Kòròpé á gba ẹrù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga: fóòmù kan tí wọ́n ká, àpótí méjì, sítóòfù, fáànù, àwọn ike ìdáná. Fíríìjì tó ga dé àyà èèyàn ò lè dúró nínú rẹ̀, àfi kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ fíríìjì kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ́ òun. Dáńfó tí wọ́n ti tú ìjókòó rẹ̀ á gba ẹrù yàrá kan tí kò ní wọ́dúróòbù ńlá. Káńtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 14 ló ń gba yàrá méjì àti pálọ̀, bí ẹni tó ń dì í bá mọ iṣẹ́. Ilé yàrá mẹ́ta tó ní àga ẹni méje, jẹnẹrétọ̀ ńlá, fírísà àti tánkì omi ò lè lọ lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ á sọ pé "á wọlé, ẹ fọkàn balẹ̀." Kò parọ́, á wọlé, àmọ́ orí ara wọn ni wọ́n á wà, tábìlì onígíláàsì nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lókè.

Ẹ má jẹ́ kó dá iye lé ẹrù tí kò rí. Bí kò bá lè wá wò ó, ẹ ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì yí kámẹ́rà dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an ló ń dájà sílẹ̀: odó, agbada, kẹ́ẹ̀gì omi, àkàbà, ìkòkò tí wọ́n gbin ewúro sí, bíríkì mẹ́rin tí Bàbá ní òun ò ní fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwọ̀nyí mọ́ ẹrù lọ́jọ́ ìdúnàádúrà. Lọ́jọ́ ìkẹ́rù, wọ́n lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀yìn ọkọ̀.

Kí ẹrù kankan tó gòkè, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ó ti kó nǹkan mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Eruku simẹ́ńtì ṣì rọrùn, ìgbálẹ̀ á gbá a kúrò. Èyí tó bá kó tòmátò lọ sí Mile 12 ní ìjẹta ni kẹ́ ẹ sá fún, nítorí omi tòmátò tó ti kan máa ń wọ ara pákó, bí fóòmù bá sì fi ẹ̀gbẹ́ kan ibẹ̀, ẹ ó máa sùn ti òórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ tó kó ẹja, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ẹ ní kí wọ́n fọ ọkọ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti náílọ̀n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tú tàpólíìnì wọn, kí èèyàn méjì fà á sókè sí oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé. Wọ́dúróòbù tí wọ́n fi MDF ṣe, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀, ò lè gba òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Á wú ní ìsàlẹ̀, kò sì ní padà sípò mọ́. Àárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni òjò apá ibí máa ń le jù. Ẹni tó bá lè dúró títí òjò á fi sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kó dúró.

Ọkọ̀ kan wà tí owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an: èyí tó kó ẹrù oko wá láti apá Ṣágámù, tó sì fẹ́ padà lófo. Òun ò ní dá owó epo lé yín lórí lálọ-lábọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń kánjú, kò ní alábàárù, kò sì ní dúró kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹrù yín bá ti wà nínú páálí, tí àwọn tí ẹ ó fi ru ẹrù sì ti wà nílé, ẹ gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tẹ́ ẹ rí jẹ lára owó ọkọ̀, ìbínú á gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn gan-an wá rèé. Bó ṣe máa ń lọ nídìíkọ̀ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, èló ni Ògijo?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kẹ́rù ná, a ò ní jà."

"A ò ní jà" kì í ṣe iye owó. Ẹni tó bá fi ìyẹn gbéra á jà, ojú títì Ògijo ni wọ́n sì ti máa jà á, nígbà tí gbogbo ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ tí kò sì sí bó ṣe lè sọ pé òun ò lọ mọ́. "Ògijo" pàápàá kò tó. Bọ́sítọ́ọ̀pù ni awakọ̀ ń rò bó bá gbọ́ Ògijo, ẹnu ọ̀nà ilé lẹ̀yin ń rò, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì sì lè jẹ́ kìlómítà méjì eruku pupa. Ẹ dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ dárúkọ òpópónà tó gbẹ̀yìn, ẹ sì sọ pé "títí dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀." Bẹ́ ẹ bá ti lọ wo ilé náà, ẹ fi fídíò ojú ọ̀nà ibẹ̀ hàn án, ní pàtàkì ibi tó tóóró jù àti ibi tí omi máa ń dúró sí.

Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú pé èèyàn mélòó ló ń bá a bọ̀. Yàrá méjì tó wà nílẹ̀ gba alábàárù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ kó di mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ owó àtẹ̀gùn náà ṣáájú, torí àwọn kan ń ka àjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lókè ibi tẹ́ ẹ ti ń kó jáde àti lókè ibi tẹ́ ẹ ń kó wọ̀. Ṣé owó alábàárù wà nínú owó ọkọ̀, àbí ọ̀tọ̀ ni? Ta ló máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà? Bí ọkọ̀ bá dákú lọ́nà, ṣé òun ló máa wá òmíràn? Gbogbo èyí, ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ní kó dáhùn pé "mo gbà." Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í fẹ́ dáhùn rẹ̀. Èyí tó bá dáhùn láìjanpata, ẹ mú un, kódà bó fi díẹ̀ wọ́n ju àwọn yòókù lọ.

Àsansílẹ̀: ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá dé, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti iwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ san ìdajì. Ìdajì yẹn ni yóò fi ra epo. Ìdajì kejì dìgbà tí ẹrù tó gbẹ̀yìn bá wọlé. Kí ẹnì kan nínú ilé jókòó ti awakọ̀, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ọkọ̀ bá wà.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù ní ìṣòro tirẹ̀. Tírélà àwọn iléeṣẹ́ Odògúnyàn àti Ògijo ń gbà á, táńkà tó ń lọ sí ibùdó epo Mosimi ń gbà á, títì náà ò sì ṣe déédéé. Kòtò rẹ̀ ló ń fọ́ abọ́ ju awakọ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára jù láti gbà á kọjá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kẹ́ ẹ ti kọjá Odògúnyàn kí àwọn iléeṣẹ́ tó ṣí. Àwọn tó ń bọ̀ láti Kétu tàbí Ọjọ́ta tó jẹ́ Ṣágámù gan-an ni wọ́n ń lọ lè gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ó tẹ́jú jù. Kí wọ́n ṣáà má bọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ìsìn Redemption City. Ẹrù tó bá há síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀ ló lè dé.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà ìlú. Lọ́jọ́ ọdún ìbílẹ̀ Màgbó ní Ìkòròdú, obìnrin kì í jáde, wọn kì í ná ọjà, ààfin ló sì máa ń kéde ọjọ́ náà. Àwọn ìlú Rẹ́mọ, Ṣágámù pẹ̀lú, ní ọjọ́ Orò tiwọn. Àwọn éjẹ́ǹtì tí kì í ṣe ọmọ ìlú kì í rántí sọ èyí fún èèyàn. Ìyàwó ilé ò ní lè bọ́ síta lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì ti sanwó ọkọ̀.

Ẹ má kó ilé lóru. Kò sí ọlọ́pàá tó máa rí fóòmù àti tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn káńtà ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí kò ní dá a dúró, ẹ ò sì lè bá a wí, torí bẹ́ẹ̀ làwọn olè náà ṣe ń kó ẹrù. Lójú ọ̀sán, ìwé méjì ló ń yanjú ọ̀rọ̀: lẹ́tà lándílọ́ọ̀dù tàbí ti alága àdúgbò tẹ́ ẹ ti ń kúrò, pé ẹ ń kó jáde àti pé ẹ ò jẹ gbèsè, àti rìsíìtì àwọn ẹrù ńlá bíi tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ kọ orúkọ àwọn ẹrù náà sínú ìwé kan, kí lándílọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i. Kí ìwé wọ̀nyí wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síwájú, kì í ṣe nínú páálí tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹrù.

Bí káńtà bá ti yà kúrò lórí títì, ẹ múra fún àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ san owó ìjáẹrù. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kéèyàn dá a san fún ẹni tó kọ́kọ́ pàdé, torí ẹlòmíràn á yọ ní ìkòríta kejì. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ pe lándílọ́ọ̀dù tuntun, kó mú yín mọ alága àdúgbò, kẹ́ ẹ bi í pé èló ni àdúgbò ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó wọlé, kẹ́ ẹ sì san án fún un ní ọwọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó rán ẹnì kan wá dúró. "Bàbá alága ti mọ̀ sí i" ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Bí òjò bá ti rọ̀, káńtà tó kún ò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà tí kò ní ibi tó ti lè yí padà. Á rì, àwọn tó máa tì í jáde á sì gba owó tó tó owó ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ yẹn, ni kẹ́ ẹ fi gbé ẹrù láti etí títì. Ẹ ti dúnàádúrà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ wo ilé.

Dídi ẹrù, ibi tí àwọn ọlọ́káńtà ti dára ní ti fóòmù àti àga nìyẹn, wọn ò mọ ti ohun tó ń lo iná. Fírísà àti fíríìjì, ẹ yọ wọ́n nínú iná ní ọjọ́ kan ṣáájú kí yìnyín yọ́ tán, kẹ́ ẹ fi téèpù dè ilẹ̀kùn wọn, kí wọ́n sì dúró lórí ẹsẹ̀ wọn nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ wọn, ọ́ìlì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ṣàn wọ inú páìpù, bẹ́ ẹ bá sì tan iná sí i kó tó ṣàn padà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè jó. Èyí tó dúró ní gbogbo ọ̀nà, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́rin. Èyí tí wọ́n tẹ́, ó di ọjọ́ kejì. Jẹnẹrétọ̀, ẹ fa epo rẹ̀ jáde, ẹ má sì jẹ́ kó sùn, nítorí ọ́ìlì á wọ ibi tí kò yẹ, èéfín funfun lẹ ó sì fi kí àwọn aládùúgbò tuntun. Sílíńdà gáàsì, ẹ tì í pa, ẹ tú régúlétọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn. Nínú dáńfó tó tì pa, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn wà ló máa kó jọ sí. Bátìrì inverter ńlá lè wúwo tó 60 kg, ásíìdì wà nínú àwọn tó jẹ́ olómi, nítorí náà èèyàn méjì ni kó gbé e, kò sì gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà, ìhà rẹ̀ ni kó fi dúró, aṣọ ìbora láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí alábàárù bá fi orúnkún tẹ ojú rẹ̀, ó lè sán nínú láìhàn síta, iná tó ń mú wá á sì máa dín. Tẹlifíṣọ̀n, àárín fóòmù méjì, ní ìdúró.

Bóòtù àti sípánà bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó wọn sínú náílọ̀n kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pákó bẹ́ẹ̀dì náà. Mítà iná, ẹ fi sílẹ̀. Ti ilé ni, kì í bá ayálégbé lọ. Ní ilé tuntun, orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí ìwé iná ni kẹ́ ẹ wò, torí pé kì í ṣe gbogbo ilé tó wà ní Ògùn lẹ́bàá ààlà ni IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní Ògùn, ń fún ní iná. Ẹ ní kí lándílọ́ọ̀dù fi rìsíìtì tí wọ́n fi ra iná kẹ́yìn hàn yín, kó má baà jẹ́ gbèsè ẹni tó kúrò ni owó yín á máa san.

Ìwé ìjọba náà ń yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Odògúnyàn lẹ ṣì ń rí láti òkè ilé yín. Owó orí òṣìṣẹ́ ń lọ sí ìpínlẹ̀ tó ń gbé, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, nítorí náà ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣètò owó oṣù yín. Káàdì ìdìbò, INEC ló ń gbé e láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, béèyàn bá kọ̀wé béèrè. Ọmọ tó wà ní JSS3, ẹ jẹ́ kó parí ọdún náà sí Èkó, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò BECE tirẹ̀. Òfin ilé yíyá tí Èkó ṣe ní 2011, tó ní kí lándílọ́ọ̀dù má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ò kọjá ààlà. Àdéhùn ìwé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí lọ́hùn-ún, ẹ kà á dáadáa.

Àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù aláṣọ-iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tó ń fi náílọ̀n wé àga? Iṣẹ́ wọn mọ́, wọ́n sì ń mú páálí tiwọn wá, àmọ́ owó wọn fi ìlọ́po ju ti káńtà ìdíkọ̀ lọ, títì eruku Ògijo ò sì mọ aṣọ-iṣẹ́. Ẹni tó ní gíláàsì púpọ̀, dùùrù tàbí àwọn àwòrán olówó iyebíye, kó pè wọ́n. Àwa yòókù lè fi ìyàtọ̀ owó náà ra tánkì omi.

Kí awakọ̀ tó gba ìdajì owó tó kù, ẹ gun ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ gbé tàpólíìnì sókè, kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ ìjókòó iwájú. Ẹsẹ̀ tábìlì, rìmóòtù àti báàgì bàtà ló sábà máa ń bá ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú. Ẹ ka páálí pọ̀ pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nígbà ìkẹ́rù, kẹ́ ẹ tó sanwó.